Àyẹ̀wò ọdún mi: ọdún tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ìwé ní nọ́mbà

Ẹ̀yin tèmi, ọdún ti ń parí lọ, iṣẹ́ láíbìrì ló sì gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n gbé láíbìrì ilé ìwé wa níbí l'Óṣogbo lé mi lọ́wọ́. Ìwé wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ga sí ni wọ́n ṣe tò wọ́n, ìwé físíìsì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àdúrà.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló kọ́ mi. Wọn ò jẹ́ kí n fún ìwé kankan ní nọ́mbà àfìgbà tí mo kọ gbogbo wọn sínú régístà, òǹkọ̀wé, orúkọ ìwé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ibi tó ti wá, tí mo sì lu sítáǹpù sí i. Ìgbà yẹn la tó kan Dewey, ètò tí wọ́n fi ń fún ìwé ní nọ́mbà gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá lé lórí. Ọdún 1876 ni Melvil Dewey gbé ètò yìí jáde l'Amẹ́ríkà, ó pín ìmọ̀ sọ́nà mẹ́wàá, 500 fún sáyẹ́ǹsì, 900 fún ìtàn àti jọ́gíráfì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá ní kí n máa ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú dáadáa, torí orúkọ ìwé máa ń tan èèyàn.

Àmọ́ ìdí àwọn ìwé Yorùbá ni mo jókòó sí jù. Gírámà wa 496.333, ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ewì 896.333, àlọ́ Ìjàpá 398.2, òwe 398.9. Ẹ wo lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 820 péré, tiwa gùn débi pé ẹ̀yìn ìwé tín-ín-rín ò gbà á, màá kọ 896 sókè, .333 sábẹ́ ẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ òǹkọ̀wé á tẹ̀ lé e, màá wá fi sẹ́lótéèpù bò ó kí òógùn ọwọ́ àwọn ọmọ má baà pa á rẹ́.

200, ti ẹ̀sìn, ló dùn mí jù. Láti 220 dé 289, Bíbélì àti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ló gbà á, Ìsìláàmù wà ní 297, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tiwa wá wà nísàlẹ̀ ní 299.6. L'Óṣogbo yìí kẹ̀, tí UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé ní 2005! Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ṣùgbọ́n mi ò yí nọ́mbà padà, torí láíbìrì míì tó ń lo Dewey, nọ́mbà yẹn náà lọmọ máa bá ńbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó gbogbo ìwé Yorùbá àti 299.6 sí ṣẹ́ẹ́fù ẹnu ọ̀nà, níbi tójú ọmọ ti máa kọ́kọ́ bà. Kí a tó gba ọlidé, ọmọ JSS1 kan wọlé, "Ẹ káàsán ma, ìwé Ìjàpá ńkọ́?" Mo ní 398, ó lọ mú un fúnra ẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ó ń kà á títí aago fi lù.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Koha, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ láíbìrì, ni mo fẹ́ kọ́, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ iná ọ̀dọ̀ wa ò dúró, torí náà káàdì tí a fi ń wá ìwé ò ní kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.