Màmá ọlọ́sàn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kúrò nínú ìṣirò

Níbi iṣẹ́ ìwádìí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún la máa ń yẹ ìfúnpá àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Mo ṣírò ìpíndọ́gba, mo rí i pé ó ń wálẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Inú mi dùn, mo ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá.

Nọ́ọ̀sì àgbà wa wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Màmá ọlọ́sàn dà nínú eléyìí?"

Mo wá wọn. Ìgbà kìíní, 178. Ìgbà kejì, 184. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo. Rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀ sílé. Àwọn bíi tiwọn pọ̀: ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ò wá mọ́, ẹni tára rẹ̀ le ló ń padà wá.

Àṣìṣe mìíràn tún wà níbẹ̀. Èèyàn 120 ni wọ́n, àmọ́ mo ṣírò àkọsílẹ̀ wọn tó lé ní 400 bíi pé ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni ìkọ̀ọ̀kan. Garawa mẹ́rin tá a fà nínú kànga kan náà, omi kànga kan ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí R, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe ìṣirò, ẹ kọ ìdí tí olúkúlùkù ò fi wá. Ẹni tó lọ wẹ ọmọ l'Ékòó yàtọ̀ sí ẹni tó kú. Nínú ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tó fi àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbà Ìdíkàn n'Íbàdàn wé ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń bi ará ilé léèrè nípa ẹni náà pẹ̀lú.

Ẹ má fi nọ́ńbà ìkẹyìn dí òfìfo, ẹ má sì yọ ẹni náà dànù. Mixed model, ọ̀nà ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Laird àti Ware ṣàlàyé ní 1982, ń fún olúkúlùkù ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, ìwọ̀nba àkọsílẹ̀ tó bá ní náà ló máa lò. GEE (generalized estimating equations), ọ̀nà ìṣirò mìíràn ti Liang àti Zeger, ní 1986, dára fún ìpíndọ́gba ìlú, àmọ́ bí àìsàn ló ń lé àwọn èèyàn lọ, ó lè tètè ṣì yín lọ́nà. Tó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ ò wọ̀n rí ló lé wọn lọ, mixed model gan-an ò tó.

Mo tún un ṣe. Ìlà tó ń wálẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Nọ́ńbà méjì péré ni Màmá ọlọ́sàn ní, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ nígbà tí mo gbé e lọ fún ọ̀gá.