Gbólóhùn tí mo sọ fún ọmọ mi kí ó tó bọ́ sórí yìnyín

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi ti fi ń ṣe ìjó orí yìnyín (figure skating) níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mo sì máa ń wa ọkọ̀ gbé e lọ sí ìgbáradì ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ilé ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ iye tí bàtà rẹ̀ ń náni, mo mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé abẹ ìsàlẹ̀ bàtà náà lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọn, mo sì lè fi ojú lásán mọ fífò tí yóò dára kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ń ṣe sí i. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń díje níwájú èrò, nítorí ó pẹ́ kí n tó kọ́ ọ, ọmọ mi ló sì san owó ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, ó yege láti kópa nínú ìdíje tó tóbi ju gbogbo èyí tó ti lọ rí. Ọjọ́ méjì ni: eré kúkúrú lọ́jọ́ kìíní, eré gígùn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì ro máàkì méjèèjì pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp, láti Ìbàdàn dé Houston, bí wọ́n ṣe lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti béèrè àdúrà. Ìyá mi ki oríkì rẹ̀ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti ń pè é ní ọmọ wa tí yóò lọ sí Òlímpíìkì. Inú yàrá ìmúra ni ọmọ náà ti ń ka gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pè é, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, ó tutù bí omi àmù, síbẹ̀ mo sọ gbólóhùn tí ìyá mi máa ń sọ fún mi nígbàkigbà tí mo bá ń jáde nílé: “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.”

Fífò tó fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó ti ṣe ní àìmọye ìgbà láìṣìṣe. Ó gbéra, ó sì ṣí apá kí ó tó yí tán. Ní eré kúkúrú, fífò tí kò bá pé iye ìyípo tí òfin béèrè kì í gba máàkì kankan, nítorí náà òfo ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Ó ṣubú nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó lọ jókòó pẹ̀lú kóòṣì rẹ̀ lórí ìjókòó tí wọ́n ti ń dúró de máàkì, tí kámẹ́rà ń wò wọ́n lójú kòrókòró. Ìyà ńlá ni ìjókòó yẹn lójú mi, nítorí pé kò fún ọmọ ní àyè láti sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú eré yìí, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé àìnígboyà ni. Àkókò tí ẹni tó fò ń lò lófuurufú kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ kó apá mọ́ àyà, kí ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó ṣí ara, kí ó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ sẹ́yìn lórí abẹ tín-ínrín. Kò sí ẹni tó lè fi ọpọlọ darí gbogbo èyí ní àkókò tó kéré bẹ́ẹ̀. Ara ló kọ́ ọ, ara ló ń ṣe é. Nígbà tí àyà bá ń já, èjìká á gòkè, èémí á kúrú, ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ń wo ẹlòmíràn. Bí ó bá ti ṣọ́ ara rẹ̀ fún ìdá díẹ̀ péré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, fífò náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí “mú ọkàn le” kò fi ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ohun mìíràn tí ọmọ yóò tún máa ṣọ́ ni ó jẹ́.

Lẹ́yìn ìdíje náà, mo lọ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà eré yìí. Nathan Chen ọmọ Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó lọ sí Òlímpíìkì PyeongChang ní ọdún 2018, tí gbogbo ayé sì ti ń retí wúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo fífò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́ nínú eré kúkúrú, ó sì bọ́ sí ipò 17. Lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú fífò mẹ́fà tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú eré kan ṣoṣo, ó gba máàkì 215.08 tó ga ju ti gbogbo ẹni tó kù lọ nínú eré gígùn, ó sì parí ní ipò karùn-ún. Irú rẹ̀ náà ni ti Mao Asada ọmọ Jàpáánì, tó ti gba fàdákà ní Òlímpíìkì Vancouver ní ọdún 2010. Ní Sochi, ní ọdún 2014, ipò 16 ni eré kúkúrú gbé e sí, débi pé olórí ìjọba àná kan ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ sọ ní gbangba pé ó máa ń ṣubú nígbà tó bá ṣe pàtàkì. Nínú eré gígùn, ó fò fífò tí wọ́n ń pè ní Axel, èyí tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti ààbọ̀, ó balẹ̀, ó gba 142.71, èyí tó ga jù lọ nínú gbogbo eré gígùn tó ti ṣe, ó sì gòkè dé ipò kẹfà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe èyí ní ìgboyà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara kan náà ni, fífò kan náà ni, wákàtí díẹ̀ ló sì wà láàárín eré méjèèjì. Ohun tó yí padà ni pé wúrà tí gbogbo ènìyàn ti fi sí wọn lọ́wọ́ ṣáájú ti bọ́ sọnù, kò sì sí ohun tí wọ́n ní láti ṣọ́ mọ́. Mo wá bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣubú kí a tó sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ fún un, nígbà tó jẹ́ pé àwa tí a wà nílé la gbé e rù ú.

Ní ti Debi Thomas ọmọ Amẹ́ríkà, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ń rántí rẹ̀. Òun ló wà níwájú kí eré gígùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Calgary ní ọdún 1988, ìfò tó fi bẹ̀rẹ̀ kò dúró dáadáa, bàbà ló sì gbà. Aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlímpíìkì ìgbà òtútù ni, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford sì ni nígbà náà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ nìkan jẹ́ dúdú nínú yàrá ìmúra yóò mọ̀ pé ojú tó ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn adájọ́ lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ mi tó sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ ni, ó ń wo iwájú, ó ní: “Mọ́mì, nígbà tí ẹ ní kí n rántí, mo rántí gbogbo yín.” N kò rí èsì fún un. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: èmi náà kò sùn ní òru tó ṣáájú ìdíje yẹn, mo sì rò pé ìfẹ́ ni mò ń fi hàn.

Àwọn nǹkan tí a yí padà kò pọ̀. Fóònù rẹ̀ máa ń wà nínú àpò mi láti alẹ́ tó ṣáájú títí eré yóò fi parí. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un, ẹ má ṣe fi ipá gbà á. N kì í sọ ọjọ́ ìdíje fún mọ̀lẹ́bí mọ́ àfi bí òun bá ní kí n sọ. Òun àti kóòṣì rẹ̀ ti jọ pinnu ohun tí yóò ṣe bí fífò kan bá bàjẹ́, kí ó má baà máa rò ó lórí yìnyín, wọ́n sì máa ń ṣe eré náà látòkèdélẹ̀ níwájú àwọn tó wà ní ìgbáradì, pẹ̀lú aṣọ ìdíje lára. Mo tún jáwọ́ nínú bíbá a jà lórí àkókò tó ń lò fún ìwé rẹ̀. Mo ti rò pé ìwé ń pín ọkàn rẹ̀ níyà, ṣùgbọ́n Yunifásítì Yale ni Chen ti ń kàwé nígbà tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní ọdún 2019, kí ó tó gba wúrà ní Beijing ní ọdún 2022. Ó dára kí ọmọ ní ibòmíràn tí yóò ti jẹ́ ẹnì kan.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi í báyìí: kí ni ohun àkọ́kọ́ tí o fẹ́ ṣe? Nígbà mìíràn, ó máa ń ní èémí ni. Nígbà mìíràn, orúnkún. Mo máa ń ní ó dára, mo sì máa ń lọ jókòó.

Àyà rẹ̀ ṣì ń já. Ó ṣì máa ń ṣubú. Ní Sheffield lọ́dún tó kọjá, ipò kẹsàn-án ló gbà. Ìyá mi kì í fi oríkì ránṣẹ́ mọ́ àfi lẹ́yìn tí eré bá ti parí, ipò yòówù kí ó jẹ́, òun sì kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi gba fóònù rẹ̀ padà, ó tẹ oríkì náà, ó gbọ́ ọ tán, ó sì tún un tẹ̀.