Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ọmọ mi ti wọ nọ́sìrì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dúpẹ́ o! Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọkùnrin mi, tí mo bí tòun ti spina bifida (ẹ̀yìn tí kò pa dé tán nínú oyún), bá wọ nọ́sìrì ni màá jẹ́rìí yìí ní gbangba, ó sì ti wọ̀ ọ́ báyìí, tòun ti irin ẹsẹ̀ rẹ̀ àti róbà ìtọ̀ nínú báàgì, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wò ó dáadáa, ijó lèmi ń jó ní tèmi.

Nígbà tí mo bí i, ó ké, mo fetí ara mi gbọ́ ọ, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dákẹ́, obìnrin tó bá ti bímọ rí á mọ irú ìdákẹ́ tí mò ń sọ. Wọ́n dà á dojú bolẹ̀, mo wá rí i, lókè ìdí rẹ̀ níbẹ̀, nǹkan kan wú jáde, ó pupa, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé omi inú ẹ̀ ń hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ká sínú. Mo ṣe síkáànù nínú oyún o, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́kọ́ ta gìrì, wọ́n ní kí wọ́n gbé gọ́ọ̀sì wá, wọ́n fi omi díríìpù rin ín, wọ́n fi bo ojú ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí ikùn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Mi ò mọ orúkọ wọn títí dòní, Ọlọ́run mọ̀ wọ́n.

Ẹbí wá dé sí wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ dé. Ẹnì kan ní mo jáde lọ́sàn-án gangan láìfi pín-ìnnì sáṣọ, ẹnì kan ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, ẹlòmíì ní ẹni tí mo bá jà lọ́jà ló ṣe é (ẹ wo irọ́, èmi tí mi ò bá ẹnikẹ́ni jà!), wọ́n sì ti po ewé gígún mọ́ àdín, wọ́n gbé e pamọ́ sínú láílọ́ọ̀nù wá, pé àwọn máa fi pa á kó lè wọlé padà. Ìyá ọkọ mi ló dìde. Ẹnu àwọn èèyàn kì í dáa sí ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, màmá ò kàwé, àmọ́ wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n ní ohun tí dókítà ò bá fi kan ọmọ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kàn án, ẹni tó bá dá a láṣà, òun àti àwọn ni. Ká ní wọ́n fi àdín yẹn pa á ni, kòkòrò á gba ibẹ̀ dé ọpọlọ, ó tán nìyẹn.

Ọsibítù ńlá tí wọ́n gbé wa lọ ni dókítà ti wá là á yé wa. Ó ní spina bifida lorúkọ ẹ̀. Pé bí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ẹ̀yìn ọmọ ṣì ṣí sílẹ̀ ni, á wá máa pa dé bí ìgbà téèyàn ń fa síìpù ẹ̀yìn gáùn, tó bá fi máa tó ọjọ́ 28 tí oyún dúró ó yẹ kó ti pa dé tán, tọmọ mi wá há lọ́nà. Ọjọ́ 28! Ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà yẹn, kí ni pín-ìnnì fẹ́ ṣe sí i? Ẹkún ni mo bú sí níwájú ẹ̀, ẹkún ìtura ni o. Ó ní oríṣiríṣi ló wà: òmíì wà lábẹ́ awọ, ẹni tó ní in lè má mọ̀ láéláé, bóyá irun díẹ̀ tàbí ihò bíńtín lókè ìdí lèèyàn máa rí, òmíì, omi nìkan ló wà nínú ohun tó wú, tọmọ mi ló le jù, myelomeningocele, tí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra ẹ̀ bọ́ sínú ohun tó wú yẹn, ìyẹn ni ẹsẹ̀ àti ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ṣe fara gbá a.

Wọ́n ní tó bá ṣeé ṣe kí àwọn rán an láàárín ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán mẹ́ta, kí kòkòrò tó wọlé. Ọkọ mi ta ọ̀kadà, kọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ mi yá wa lówó, ṣọ́ọ̀ṣì dá sí i, àwọn aládùúgbò wa tó ń kírun náà dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé, Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní UCH Ìbàdàn ní 1962, Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, bí ẹnì kan ò bá kọ́kọ́ lànà ẹ̀, ta ni ì bá rán ọmọ mi? Dókítà ò sì tàn wá, ó ní rírán tí òun rán an ò ní jí iṣan tó ti kú, kí èyí tó kù má bàa bàjẹ́ ni.

Bí ojú egbò ṣe ń jinná ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Téèpù télọ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, àwùjẹ̀ rẹ̀ le, ó wú, ẹyinjú rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá. Omi inú ọpọlọ ni kò rọ́nà lọ. Wọ́n fi róbà tín-ín-rín kan sí i, shunt ni wọ́n ń pè é, ó gba ẹ̀yìn etí, ó gba abẹ́ awọ ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wọ ikùn, ibẹ̀ ni ara ti ń fa omi náà mu. Títí dòní, tó bá ń bì láìnídìí, tó ń sùn jù, tí orí ń fọ́ ọ, mi ò ní fún un ní paracetamol kí n máa wòye, ọsibítù ni tààrà, torí shunt lè dí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò lè pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ mi yé! Ọjọ́ tí dókítà ní a ti lè pọ̀n ọ́n, màmá gba ọ̀já mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ló kàn, wọ́n pọ̀n ọ́n yí gbogbo àdúgbò ká, wọ́n ń kì í, èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú agbòòrùn.

Ẹsẹ̀ tó ká, POP, ohun funfun tó ń gan tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, ni wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi tọ́. Ìtọ̀, a máa ń fi róbà fà á ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí kíndìnrín má bàa bàjẹ́, tíṣà ẹ̀ ti kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ ooru, torí náà ìgbúnwọ́ mi ni mo fi ń dán omi ìwẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí ọmọ, folic acid yẹn, fítámì tó ń ran ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́ láti pa dé, ẹ má dúró dìgbà antenatal, ibi tó fẹ́ pa dé ti pa dé kẹ́ ẹ tó gba káàdì. 400 microgram lójúmọ́, láti ìgbà tẹ́ ò tíì lóyún títí oyún á fi pé oṣù mẹ́ta. Irú wa tó ti bí irú ẹ̀ rí, èyí tó lágbára ni, 4mg tàbí 5mg, kí dókítà kọ ọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtéènì ní 1991 fi hàn pé láàárín irú wa, ó ń dènà bíi 7 nínú 10 irú àìsàn yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, ẹni tó lò ó tó ṣì ṣẹlẹ̀ sí ò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo valproate fún wárápá, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó lóyún, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o. Èmi lò ó kí n tó lóyún àbúrò ẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn dán pọnrán.

Sátidé la máa dúpẹ́ nílé, aṣọ ẹbí ò sí, ọsibítù ti kó owó aṣọ lọ, àmọ́ ìrẹsì àti ẹran wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé bàlúùnù wá, ara irú àwọn ọmọ yìí kì í sábà gba róbà latex, ó lè wú u lójú wú u lẹ́nu. Ẹ gbé ìlù wá.