Máàpù tí Minard Fi Ka Àwọn Ọmọ Ogun Napoleon
Ní ọdún 1869, Charles Joseph Minard, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya máàpù ogun tí Napoleon, olú-ọba ilẹ̀ Faransé, gbé lọ bá Rọ́síà ní ọdún 1812. Kò ya ìbọn, kò ya ọba. Fífẹ̀ ìlà ló fi ka ènìyàn, mìlímítà kan fún 10,000. Ní odò Niemen, níbi tí wọ́n ti wọ Rọ́síà, ìlà náà fẹ̀ gan-an fún 422,000 ọmọ ogun, ṣùgbọ́n 100,000 péré ló kù nígbà tí wọ́n wọ Moscow. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti yà sọ́nà mìíràn, ebi, àìsàn àti ìjà ti pa ọ̀pọ̀ kí yìnyín tó dé rárá, ohun tí àwọn tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru òtútù máa ń gbàgbé.

Ìlà dúdú ni ti ìpadàbọ̀, ìwọ̀n òtútù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Odò Berezina ló máa ń dùn mí jù: 50,000 dé ibẹ̀, 28,000 ló kọjá. Nígbà tí wọ́n fi padà dé Niemen, wọn ò ju 10,000 lọ.