Ẹ Ya Irun Yín Kí Omi Tó Kàn Án

Irun ìpàkọ́ mi ò tíì tó ohun tí òòyà ń dì mú bí mo ṣe ń kọ èyí, inú sì ń bí mi sí ara mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi àtáṣímẹ́ǹtì dìrun, tẹ́ ẹ sì máa ń fi sílẹ̀ kọjá oṣù méjì torí owó tẹ́ ẹ kó fún onídìrí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni tèmi lò lórí. Mo tú u tán ní aago mọ́kànlá alẹ́, òde ń bẹ lọ́jọ́ kejì, mo bá ki orí bọ abẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo da ṣámpù lé e, mo kó gbogbo irun jọ sí àárín orí, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì pò ó bí ẹni ń fọṣọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ìka mi ò fi ráàyè wọlé mọ́. Níwájú, mo ṣì ń kan awọ orí. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn etí dé ìpàkọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ mi dà bíi kànrìnkàn tó ti gbó, kò ní ìdí, kò ní ṣónṣó. Mo rò pé ọṣẹ ló kù nínú rẹ̀, mo tún da omi sí i. Ńṣe ló tún sún mọ́ awọ orí sí i. Odidi ike kọ́ńdíṣọ́nà kan tán lórí rẹ̀, eyín òòyà mẹ́ta kán sínú rẹ̀. Nígbà tó di aago méjì òru, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú àlùmọ́gàjí. Ìró tí mo gbọ́ lẹ́bàá etí kò jọ ti irun, bí ẹni ń gé okùn ni. Ohun tó já lé mi lọ́wọ́ tó ẹyin adìyẹ méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé rílásà ló fà á. Irun mi ò rí rílásà láti ọdún 2019.

Ohun tó fà á rèé. Irun tó ń kú fúnra rẹ̀ lórí èèyàn máa ń tó 50 sí 100 lójúmọ́. Tí orí bá wà ní títú, yóò já bọ́ sílẹ̀, ẹ ò ní í mọ̀. Tẹ́ ẹ bá dì í mọ́ àtáṣímẹ́ǹtì, kò ríbi já sí. Ẹ wá ṣírò ọjọ́ 70: ó kéré tán, 3,500 irun tó ti kú ló ń bá èyí tó wà láàyè sùn. Irun tiwa yìí sì máa ń ká kọ́rọkọ̀rọ, tómi bá ti kàn án ni yóò súnkì, yóò sì ká òkú irun yẹn mọ́ra. Ẹ tún wo ìdí ẹyọ irun dídì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí òrùka kékeré kan tó dà bí eérú: eruku, epo ara, èérí orí àti jẹ́ẹ̀lì ni. Omi máa ń sọ ọ́ di àtè. Òkú irun gbọ́dọ̀ kúrò kí omi tó dé, mi ò mọ bí mo ṣe tún lè sọ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá tú ẹyọ kan, ẹ má tíì bọ́ sórí èkejì. Ẹ fi ṣónṣó ìka ti adín àgbọn díẹ̀ sórí òrùka eérú yẹn, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka fà á sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ wá fi ìka ya irun náà, kẹ́ ẹ tó fi òòyà eléyín gbọọrọ ya á láti ṣónṣó wá sí ìdí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì di òkè ibi tẹ́ ẹ ń yà mú, kó má fa awọ orí. Tó bá ti dán, ẹ lọ́ ọ pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ títí gbogbo orí yóò fi di irun lílọ́ mẹ́jọ. Irun tó máa wá sínú òòyà yóò pọ̀ débi tí àyà yín á já. Ẹ wo ìdí rẹ̀ ná. Tó bá ní kókó funfun bíńtín, ó ti kú tipẹ́. Èyí tó kúrú tí kò ní kókó ni ẹ fọwọ́ ara yín dá. Òrí kò dáa fún iṣẹ́ yìí, ó ki jù.

Kí adín náà wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí ó máa ń wọ inú irun, kì í jẹ́ kí ọṣẹ fà á gbẹ jù. Nígbà náà ni omi tó kàn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì ṣámpù mọ́ ààbọ̀ ife omi, ẹ dà á sí awọ orí láàárín àwọn irun lílọ́ yẹn, kí ẹ sì fi ọmọ ìka ra á, kì í ṣe èékánná. Ẹ má tú wọn, ẹ má sì kó wọn jọ sí àárín orí. Ìfófòó tó ń ṣàn wálẹ̀ tó fún ṣónṣó irun. Ọṣẹ dúdú? Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ara, ṣùgbọ́n omi eérú tí wọ́n fi sè é máa ń jẹ́ kí ara irun ṣe ṣákaṣàka, irun tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ ara wọn. Pẹ̀lú omi kànga tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, yóò tún fi nǹkan funfun sílẹ̀ lórí.

Kọ́ńdíṣọ́nà, ìṣẹ́jú márùn-ún, láti àárín dé ṣónṣó. Ẹ fi àlòkù ṣẹ́ẹ̀tì tẹ omi kúrò, ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì ra á. Kẹ́ ẹ fi òwú kó o kó má súnkì, láìfún un jù níwájú orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kẹ́ ẹ máa fi irun dídì mọ, kì í ṣe mẹ́wàá.

Gbogbo èyí lè gba wákàtí mẹ́rin, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́ bíi tèmi.

Tó bá ti wá di odindi mọ́ ẹnì kan lórí báyìí, kó má da omi sí i mọ́. Kó jẹ́ kó gbẹ, kó fi adín rin ín, kó fi ìrù òòyà onírù máa yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ì báà gba ọjọ́ méjì. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, kó fi àlùmọ́gàjí là á ní òòró, bí irun ṣe hù, á ṣeé fà ya, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì kù. Ìbú ni ẹ̀gbọ́n mi gé tèmi.