Ooru gbígbẹ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé omi ti ń tán lára òun

Aago mẹ́ta òru ni mo ń tẹ eléyìí, oorun ò wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ lé ògiri yàrá mi báyìí, ó ṣì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti wọ̀ láti bíi wákàtí méje sẹ́yìn.

Àwọn tí ò gbé ibi tójò ti wọ́n rí máa ń sọ fún mi pé ooru tiyín sàn, kì í lẹ̀ mọ́ni lára. Òótọ́ ni, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ní ọ̀rinrin, tó o bá làágùn wàá mọ̀, aṣọ á rin gbindin, òógùn á máa kán sílẹ̀ níwájú orí ẹ. Níbí ńkọ́? Òógùn ò tíì jáde tán tó ti gbẹ, wàá rò pé o ò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ tó o bá ń ṣiṣẹ́ agbára nínú oòrùn, omi tó ń kúrò lára ẹ lè ju líta kan lọ láàárín wákàtí kan. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú kan ló là mí lójú. Mo bọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wá rí ìlà funfun kan lẹ́yìn ẹ̀ àti lábẹ́ abíyá, mo rò pé ẹfun ni, mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Iyọ̀ ara mi.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tá a jọ ń kó bíríkì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè kan náà, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń wọ́, ó wá ń bínú sí wa láìnídìí. Ẹlòmíì ní ẹ fi sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn ló pariwo pé ká gbé e lọ sábẹ́ ibòji kíá, ká bọ́ṣọ lára ẹ̀, ká da omi sí i látòkè délẹ̀, ká máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan pe àńbúláǹsì, ó ní ẹ má fipá da omi sí i lẹ́nu o, kó má lọ gba ọ̀nà èémí. Ó yè é, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi dòní pé ọ̀gá tó gbà wá síṣẹ́ ò ṣe ibòji kankan síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń dàrú nínú ooru, ẹ má dúró wò ó.

Ìdí tó fi ń le tó báyìí ni pé ilẹ̀ ti gbẹ. Ilẹ̀ tó lómi, lára agbára oòrùn máa ń bá sísọ omi yẹn di oru lọ, ilẹ̀ gbígbẹ ò ní ohun tó máa fi gba oòrùn dúró, gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru. Láyé ìjọsí, òru la fi máa ń rí ìsinmi torí kò sí kùrukùru tó máa bo ooru mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kọnkéré àti ọ̀dà títì ń tọ́jú ẹ̀ di ilẹ̀ mọ́, ayé fúnra ẹ̀ náà sì ń gbóná sí i. Oṣù kẹrin ọdún 2024, ní Kayes lórílẹ̀-èdè Mali, ó dé dígírì 48.5. Ní Phoenix, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 léraléra ló fi kọjá dígírì 43, àmọ́ èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni òru 16 tó tẹ̀léra tí kò wálẹ̀ ju dígírì 32 lọ. Ìgbà wo ni ọkàn èèyàn fẹ́ sinmi?

Tó bá ti kọjá bíi dígírì 40, fáànù nìkan ò tó mọ́, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́ síni lára, àfi kára tutù. Mo ti rẹ aṣọ kan sínú omi, mo fi bora.

Àwọn àgbà ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, torí òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kan ilẹ̀kùn màmá tó wà ní yàrá kejì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti mumi?"

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, ọmọ mi."

"Ẹ ṣáà mu ún, mo dúró."

Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ omi wọn báyìí látara ògiri. Àwọn náà ò tíì sùn.