Ibi tó jọ irọ́ jù lọ nínú ìwé náà

Bí ẹ bá ń ka ìtàn àròsọ nípa àwọn ará Japan tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ibi tó bá jọ irọ́ jù lọ lójú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Kàbà nìyẹn, wọn ò sì tíì gbà mí gbọ́ tán.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ la ń kà ní kíláàsì. Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ti kó ìdílé kan sínú ilé ẹṣin, ọmọ kan pa ìwé dé. "Mà, àbùmọ́ lèyí." Kì í ṣe àbùmọ́. Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ní December 7, 1941. Nígbà tó di February 19, 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí Àṣẹ 9066, tó jẹ́ kí àwọn ológun lè kó èèyàn kúrò níbi tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì kó nǹkan bí 120,000 ará Japan àtàwọn ọmọ wọn kúrò nílé lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Kí àgọ́ tó wà nílẹ̀, pápá eré ẹṣin Santa Anita àti Tanforan ní California ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ sí. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ibi tí ẹṣin ń sùn, àmọ́ òórùn ìgbẹ́ ò lọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù, torí ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Nínú ìwé náà, bàbá kan ra oko, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ò tíì ká sí ìwé ilẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Òkun níbí, níbi tí olórí ẹbí ti ń pín oko, ta ni yóò gbé ilẹ̀ fún ọmọdé? Ṣùgbọ́n òfin California ti 1913 sọ pé ẹni tí kò lè di ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko. Òfin Amẹ́ríkà kò sì jẹ́ kí ará Japan di ọmọ ìlú: Takao Ozawa gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ó pàdánù ní 1922, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ nìkan ni òfin kà sí ọmọ ìlú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé lò fún gbogbo èyí.

Ti ìyàwó tí wọ́n fi fọ́tò fẹ́, ìyẹn obìnrin tó wà ní Japan tí ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà kàn rí nínú fọ́tò, ò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Àwọn ọmọ WhatsApp! Mo kàn sọ fún wọn pé ní 1920 ni Japan dáwọ́ fífún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìrìnnà dúró.

Ọmọbìnrin kan láti Ìsánlú wá ní báyìí náà ni wọ́n ṣe lé bàbá àgbà òun kúrò ní Gánà, tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà nínú. Òótọ́ ni, November 18, 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n má pa méjèèjì pọ̀ ṣáá: àwọn ọmọ tó wà ní Manzanar, ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ tí wọ́n kó àwọn ará Japan sí, ní ìwé ìbí Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ìwé náà ò sì gbà wọ́n sílẹ̀.

"Ta ló wá sanwó oko, Mà?" Ọmọ tó pa ìwé dé náà ló bi mí. Ìwé wa ò débẹ̀. Ní 1948 Amẹ́ríkà ṣòfin láti san owó dúkìá tí àwọn èèyàn náà pàdánù, àmọ́ wọ́n béèrè ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n fún ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti di ẹrù, níbo ló ti fẹ́ rí rìsíìtì? Ìgbà tó di August 10, 1988 ni Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó fún ẹni tí wọ́n kó lọ tó ṣì wà láàyè lọ́jọ́ yẹn ní 20,000 dọ́là àti ìwé ẹ̀bẹ̀. Ìyá inú ìtàn wa ti kú kó tó di 1970, nítorí náà kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.